Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: NetBSD ń pa Raspberry Pi mi lọ́wọ́

Ọmọ_Tanke:
Ẹ nlẹ́ o ẹ̀yin ará. Raspberry Pi 3, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan yẹn, ni mo ní, RAM ẹ̀ ò ju 1GB lọ, mo wá ń kọ̀ǹpáìlì NetBSD (ẹ̀rọ ìṣiṣẹ́ bíi Linux) lórí ẹ̀, ìyẹn ni pé mo ń sọ kóòdù ẹ̀ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò, òní ló pé ọjọ́ mẹ́ta. Alẹ́ àná ló kọ "out of swap" sí mi lójú, pé swap, àyè tó ń lò tí RAM bá kún, ti tán, ó pa cc1plus (kọ̀ǹpáílà C++), gbogbo ẹ̀ dúró gbagidi. -j4 (iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà) ni mo fún un torí kọ́ọ̀ mẹ́rin ló ní, mẹ́mọ́rì káàdì náà ni mo fi ṣe swap. Ṣé kí n ra bọ́ọ̀dù tó lágbára jùyẹn ni àbí kí ni kí n ṣe?

Àáfà_Wáyà:
Má ra nǹkan kan jàre. -j4 lórí 1GB, èèyàn mẹ́rin lo fẹ́ tò sórí ẹní kan yẹn o. Dín in kù sí -j1 tàbí -j2, wá hard disk USB kan kó o gbé swap àti obj (fódà tó ń kó fáìlì tó ń kọ́ sí) lọ síbẹ̀, torí mẹ́mọ́rì káàdì ò fẹ́ kí wọ́n máa kọ nǹkan sára òun tọ̀sán tòru, tèmi méjì ló ti kú báyìí.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà:
Kí ló dé tó jẹ́ orí Pi náà lẹ ti fẹ́ ṣe é gan-an? Ohun tí mo fi fẹ́ràn NetBSD ni build.sh yẹn, ìyẹn script tó ń kọ́ gbogbo ẹ̀, orí láptọ́ọ̀pù tó ń lo Linux lo ti máa ṣe é, á kọ́kọ́ kọ́ kọ̀ǹpáílà tiẹ̀ fúnra ẹ̀ kó tó wá kọ́ ti Pi. Àbúrò, tẹ èyí:
./build.sh -U -j4 -m evbarm -a aarch64 release
-U yẹn ni ò ní jẹ́ kó bi ọ́ ní root (àṣẹ ọ̀gá kọ̀ǹpútà), -m àti -a ló ń sọ fún un pé irú ẹ̀rọ Pi lo ń kọ́ ọ fún. Láptọ́ọ̀pù 8GB ni tèmi, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn Ìṣáì, nígbà tí mo jí kírun Àsùbáà ó ti ṣetán. Wo inú fódà gzimg, wàá bá fáìlì arm64.img.gz níbẹ̀, ìyẹn ni kó o kọ sórí káàdì.

Ọmọ_Tanke:
Ẹ ṣé gan-an mà. Tí iná bá wá lọ tí bátìrì náà kú ńkọ́? Ẹ mọ iná àdúgbò wa.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà:
Tẹ̀ ẹ́ padà, kó o fi -u kún un, kò ní nu èyí tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ nù.

Ọmọ_Ọ̀mù_Àrán:
Ẹ̀gbọ́n sọ òótọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ kernel (ọkàn NetBSD fúnra ẹ̀) nìkan lèèyàn fẹ́ tún ṣe, Pi á gbé e, á kàn pẹ́ ni. Ẹ rántí ooru Ìlọrin náà o! Nínú oṣù kẹta, wàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dín lórí bọ́ọ̀dù yẹn, tó bá sì ti ń sún mọ́ 85°C ó máa ń fa ẹsẹ̀ ni. Fi fáànù kékeré sí i. Ṣájà fóònù yẹn náà, bó bá jẹ́ òun lò ń lò, yọ ọ́, 5V 2.5A ló ń fẹ́.

Ọmọ_Tanke:
Ha, ṣájà fóònù ni lóòótọ́ 😂 Mo ti gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, tools (kọ̀ǹpáílà tiẹ̀ yẹn) ló ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí. Mo ti yọ Pi lára iná, kó lọ sinmi.