Àwọn adarí tí mo dá lẹ́kọ̀ọ́ kò fẹ́ gba ọmọ kan mọ́ra

Ẹni tó béèrè: Ẹ gbà mí o. Èmi ni mò ń bójú tó ẹgbẹ́ ọmọdé wa. Mo kó àwọn adarí 6 jọ, mo fi odidi ọjọ́ kan kọ́ wọn bí a ṣe ń gba gbogbo ọmọ mọ́ra. Owó ara mi ni mo fi tẹ ìwé tí wọ́n gbà. Àní méjì nínú wọn ń tẹ fóònù bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀! Ọmọkùnrin ọlọ́dún 9 kan wà lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá ti fọn fèrè, á fọwọ́ bo etí, á bú sígbe, á sá síta. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n wá sọ di ibùjókòó rẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ ní wọ́n bà á jẹ́ nílé ni. Ó ti sú mi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ni ìyá rẹ̀ sọ?

Olùkọ́ Àgbà: Ọjọ́ kan péré! Ta ló ń fi ìwé kọ́ odò wíwẹ̀? Ẹ dúró tì wọ́n níbi eré, kí ẹ ṣe é lójú wọn. Ẹ pa fèrè tì, kí ẹ máa nawọ́ sókè. Kí eré tó yí padà, kí ẹnì kan ti sọ fún ọmọ náà.

Bàbá Tóbi: Tèmi kì í gbọ́ràn dáadáa. Adarí rẹ̀ á kẹ̀yìn sí i, á máa sọ̀rọ̀, á tún ní alágídí ni. Ọdún méjì! Ọjọ́ tí ẹlòmíì kọjú sí i ló dáhùn.

Òótọ́ Ọ̀rọ̀: Ẹ má bínú o, ọmọ kan kò gbọdọ̀ da 20 rú. Kí wọ́n mú un lọ síbi tó bá a mu.

Bàbá Tóbi: Ibo nìyẹn? Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn. Ẹ ka abala 23 Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe lọ́dún 1989, ẹ̀tọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà ara tàbí ọpọlọ ló dá lé.

Òótọ́ Ọ̀rọ̀: Ṣé abala 23 ni yóò sáré tẹ̀ lé e síta?

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ìyá ọmọ ńkọ́?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé. Fèrè yẹn ti wà kí n tó dé, kò rọrùn láti pa á tì. Ìyá rẹ̀ kọ ìwé ojú ewé méjì fún mi lọ́jọ́ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀: ohun tó ń bà á lẹ́rù, bí wọ́n ṣe ń tù ú. Mi ò fi han àwọn adarí, ọ̀rọ̀ àṣírí ni.

Olùkọ́ Àgbà: Háà! Ẹ̀yin lẹ fi ìwé pamọ́, ẹ wá ń bínú pé wọn ò mọ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ rọra. Àǹtí, ẹ pe ìyá rẹ̀ lónìí, kí ẹ bi í léèrè èyí tí àwọn adarí lè gbọ́ nínú ìwé náà.

Ẹni tó béèrè: Màá pè é. Ìwé náà ni mo ṣì ń wá, mi ò rántí ibi tí mo fi sí.