Títì iwájú súkùù àwọn ọmọ mi, ta ni mo lè lọ bá?

Ìyá Ìbejì, London:
Ẹ kú ilé o gbogbo ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́jú. Títì tó wà níwájú súkùù àwọn ìbejì mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méje, kò sí zebra crossing níbẹ̀, kò sí iná tráfíìkì, wọ́n sì máa ń páàkì ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó fi jẹ́ pé tó o bá fẹ́ sọdá àfi kó o yọ orí síta láàárín ọkọ̀ méjì kó o tó lè rí ohun tó ń bọ̀. Láàárọ̀ àná mo di Kẹ́hìndé lọ́wọ́ mú, Táíwò ti gbé ẹsẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀, ni ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan bá já wá, ó kàn tẹ họ́ọ̀nù ni, kò tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn gbá báàgì súkùù tó wà léjìká ọmọ mi, báàgì yí bìrí, ìgò omi inú ẹ̀ fò bọ́ sáàárín títì. Ọkọ̀ tó tẹ̀lé e ló gun ìgò náà kọjá. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ẹ̀ létí mi.

Mo ti pe káńsù lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, àwọn ti fi ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Ìgbà kẹta ni obìnrin kan wá sọ fún mi pé kò sí jàǹbá kankan nínú àkọsílẹ̀ àwọn fún títì yẹn. Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá pa ọmọ kan ni? Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n lọ bá káńsẹ́lọ̀. Mi ò mọ káńsẹ́lọ̀ kankan o, físà iṣẹ́ ìtọ́jú ni mo fi wà níbí, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má lọ máa wá orúkọ mi kiri. Ẹ gbà mí.

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì, London:
Ìyá Ìbejì ẹ pẹ̀lẹ́ o, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yọ Táíwò. Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo etí títì yẹn. Tó bá jẹ́ ìlà pupa ni wọ́n fà sí i, TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, ló ni ín, káńsù àdúgbò yín ò láṣẹ lórí ẹ̀. Nǹkan bíi títì 5 nínú 100 ní London ni TfL ń bójú tó, èyí tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti káńsù tán. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé London, ẹ wádìí tiyín dáadáa, ọ̀nà márosẹ̀ àti àwọn A road ńláńlá kan wà lọ́wọ́ National Highways, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà ńlá ní England, àwọn ibòmíì sì wà tó jẹ́ káńsù tó ń kó ìdọ̀tí yín kọ́ ló ni títì, county council ni. Mo mọ ẹni tó fi oṣù márùn-ún kọ̀wé síbi tí kì í ṣe ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò, Leeds:
Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ físà. Káńsẹ́lọ̀ kì í ṣe Home Office tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà. Gbogbo ẹni tó ń gbé nínú wọ́ọ̀dù ẹ̀ ló ń ṣojú fún, ìbáà ṣe o dìbò fún un àbí o ò dìbò rárá, kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ mú físà wá kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ títì. Kódà ọ̀pọ̀ nínú wa ni ò mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà tó bá ní físà tí kò tíì parí lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò níbí torí Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí gov.uk, kì í pẹ́ rárá, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín náà lẹ máa fi hàn lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n gbà á. Àwọn ará wa tó mú páásípọ́ọ̀tù Bẹ̀nẹ̀ wá ò sí nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n káńsẹ́lọ̀ á gbọ́ ẹjọ́ tiwọn náà.

Ní ti obìnrin tó sọ fún yín pé kò sí jàǹbá nínú àkọsílẹ̀, kò parọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń wò yẹn, jàǹbá tí èèyàn ti farapa níbẹ̀, tó sì ti détí ọlọ́pàá, ló ń wọnú ẹ̀. Ìgò omi Táíwò ò wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ tó kù díẹ̀ kó gbá ọmọ ò wọ ibẹ̀, ìyá tó fa ọmọ ẹ̀ padà lójijì ò wọ ibẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà wọn, kò tíì sóhun tó ṣẹlẹ̀ ní títì yín rí. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ káńsẹ́lọ̀ nìyẹn: kó wá fojú ara ẹ̀ rí i, kó sì fi orúkọ ara ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó farapa.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ tẹ póósítì kóòdù yín sórí wẹ́ẹ̀bù káńsù yín tàbí wẹ́ẹ̀bù WriteToThem, orúkọ wọn á jáde, ní London wọ́n sábà máa ń tó méjì mẹ́ta nínú wọ́ọ̀dù kan, ẹ kọ ọ́ sí gbogbo wọn pọ̀. Wọ́n tún máa ń jókòó gba àwọn aráàlú lálejò ní láíbìrì tàbí gbọ̀ngàn àdúgbò, surgery ni wọ́n ń pè é, ẹ má gbọ́ surgery kẹ́ ẹ rò pé ti dókítà ni. Ẹ má kọ ìwé gígùn. Orúkọ títì, iwájú súkùù wo, agogo mélòó, kí ló ṣẹlẹ̀, kí lẹ fẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, tẹ́ ẹ bá kọ “ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i”, “a ti gbọ́” náà ni wọ́n máa kọ padà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: a fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín wá bá wa dúró níbẹ̀ láàárọ̀ Tuesday, agogo mẹ́jọ àbọ̀, a sì fẹ́ kí àwọn ẹnjiníà káńsù wá wọn eré tí ọkọ̀ ń sá. Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi member's enquiry, ìyẹn ìbéèrè tí káńsẹ́lọ̀ fúnra ẹ̀ gbé lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ káńsù. Tó bá ti gba ọ̀nà yẹn wọlé, ó ti ní nọ́ńbà nìyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní iye ọjọ́ tí wọ́n ní láti fi dáhùn. Ẹ rí i pé ẹ gba nọ́ńbà yẹn.

Ọmọ Èkìtì:
Ẹ má bínú o ẹ̀gbọ́n, tiwa níbí ńkọ́, mo kọ ímeèlì sí i lẹ́ẹ̀mẹrin, kò fèsì ẹyọ kan. Ìgbà ìbò nìkan la máa ń rí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò, Leeds:
Mi ò bá yín jiyàn, ó ń ṣẹlẹ̀. Owó ìrànwọ́ ni wọ́n ń fún wọn, kì í ṣe owó oṣù gidi, ọ̀pọ̀ wọn ló níṣẹ́ míì tí wọ́n ń ṣe lójúmọ́. Kò sì sí káńsẹ́lọ̀ tó lè dá nìkan pàṣẹ kí wọ́n lọ kun zebra, àwọn ẹnjiníà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, káńsẹ́lọ̀ tí ètò ìrìnnà wà lọ́wọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà, owó sì gbọ́dọ̀ wà. Owó yẹn náà ní àsìkò tiẹ̀ o: ọdún ìnáwó káńsù ń bẹ̀rẹ̀ ní April, wọ́n ti máa ń pín in tán ní February sí March, ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ wá ní October ó ṣì bá a, ẹni tó gbé e wá ní May àfi kó máa retí ọdún tó ń bọ̀. Tí ímeèlì ò bá ti ṣiṣẹ́, ẹ dìde lọ sí surgery ẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú èèyàn mẹ́ta míì dání. Ìyá mẹ́rin tó jókòó síwájú èèyàn, dandan ni kó dá wọn lóhùn.

Mọ̀mọ́ Lollipop, Manchester:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí iṣẹ́ mi rèé, ọdún kẹfà mi nìyí tí mo ń di pátákó STOP mú níwájú súkùù. Ìyá Ìbejì, ẹ ka àwọn ọmọ. Ẹ mú bébà àti bírò, láti 8:20 dé 9:00, ọmọ kan sọdá ẹ fa ìlà kan, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa ka ọkọ̀ lọ́tọ̀, ẹ ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun kan náà làwọn ẹnjiníà yẹn ń wá kà nígbà tí wọ́n bá dé. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ọjọ́ òjò wà nínú ẹ̀, torí ọjọ́ òjò làwọn òbí máa ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ wọn wá, tí wọ́n á páàkì sórí ìlà zigzag tí wọ́n kùn síwájú súkùù pé kí ọkọ̀ má dúró níbẹ̀ gan-an, tí àwọn ọmọ ẹlòmíì ò sì ní ríran mọ́. Ó dùn mí láti sọ ọ́ ṣùgbọ́n àwa òbí náà wà nínú ohun tó ń fa ewu yẹn.

Tí mo bá na pátákó mi, òfin ló ní kí ọkọ̀ dúró, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún káńsù láti gba ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ wa, ọ̀pọ̀ ló ti gé e kù torí owó, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí káńsẹ́lọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ẹ tún béèrè School Street, wọ́n á ti títì yẹn pa láàárọ̀ àti lọ́sàn-án ní àsìkò tí ọmọ ń wọlé tí wọ́n ń jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Cardiff:
Ní Wales níbí wọ́n sọ ọ́ di 20 mílì ní wákàtí kan fún ọ̀pọ̀ jù lọ títì tó wà láàárín ilé, 17 September 2023 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi fi èyí sínú ìwé yín torí inú Highway Code, ìwé òfin ìrìnnà ojú títì, ló wà, kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn lórí ẹ̀: ọkọ̀ tó ń sá 20, mítà 12 ló máa rìn kó tó dúró pátápátá, gígùn ọkọ̀ mẹ́ta nìyẹn, èyí tó ń sá 30 á rìn mítà 23, gígùn ọkọ̀ mẹ́fà. Ibi tí Táíwò dúró sí, ẹ ka ọkọ̀ mẹ́fà sẹ́yìn kẹ́ ẹ wo bó ṣe jìnnà tó.

Ṣùgbọ́n ẹ múra o. Àwọn tó fọwọ́ sí pẹtíṣàn pé àwọn ò fẹ́ 20 yẹn níbí lé ní 400,000. Tí káńsù bá gbé ọ̀rọ̀ yín jáde pé kí aráàlú wá sọ tẹnu wọn, àwọn tí ò fẹ́ á kọ̀wé wọlé, wọ́n tètè máa ń kọ ọ́ ju àwa lọ. Ẹ ti lọ bá àwọn tó ń gbé títì yẹn àti àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ọlọ́kọ̀ Dẹlifárì:
Ẹ jọ̀ọ́ kí n bi yín léèrè kan, kòtò ba ríìmù ọkọ̀ mi jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé káńsẹ́lọ̀ lè bá mi gba owó ẹ̀?

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì, London:
Rárá, fọ́ọ̀mù kíléèmù ti káńsù lẹ máa kọ, káńsẹ́lọ̀ kàn lè bá yín béèrè ibi tí wọ́n bá a dé ni. Ẹ ya fọ́tò kòtò náà pẹ̀lú rúlà tàbí kọ́ìnì nínú ẹ̀ kí wọ́n rí bó ṣe jìn tó, ọ̀pọ̀ káńsù ló ń lo 40 mílímítà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí kòtò máa jìn dé kí wọ́n tó tún un ṣe, ẹ má sì dúró sáàárín títì torí fọ́tò o. Òfin Highways Act ti 1980 fi títọ́jú títì sọ́rùn wọn, ṣùgbọ́n ó tún gbà pé tí wọ́n bá lè fi hàn pé àwọn ń yẹ títì yẹn wò déédéé, pé àwọn ò sì mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀, wọ́n lè bọ́. Torí náà gbogbo kòtò tẹ́ ẹ bá rí, kódà tí kò bá ba ọkọ̀ yín jẹ́, ẹ gbé e sórí FixMyStreet, wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n fi ń sọ ìbàjẹ́ títì fún káńsù, lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ máa wà lórí ẹ̀. Ẹni tó bá já sínú ẹ̀ lẹ́yìn yín lè tọ́ka sí i.

Ìyá Ìbejì, London:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mo ti jẹ yín ní ìròyìn. A lọ sí surgery náà ní Saturday, àwa ìyá márùn-ún, ọmọ Ghana kan àti ọmọ Bangladesh kan wà nínú wa, a sì mú bébà tí a fi ka àwọn ọmọ dání. Káńsẹ́lọ̀ yẹn, obìnrin ni, ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa owó tí kò sí. Nígbà tó wo bébà yẹn, tó rí gbogbo ìlà tí a fà, ló wá ní òun á wá ní Tuesday.

Ó wá lóòótọ́, nínú òjò. Mo fà á lọ síbi tí Táíwò dúró sí, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ ga mọ níwọ̀n ọmọ ọdún méje. Ó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n páàkì nìkan ló rí. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọkọ̀ kan ń kọjá lọ́wọ́, ó ń gbọ́ ìró ẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí i. Nígbà tó dìde kò sọ nǹkan kan, ó mú fóònù ẹ̀ jáde, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ya fọ́tò láti ìsàlẹ̀ yẹn.

Mo ti gba nọ́ńbà enquiry. Láti àná, wọ́n ti na rọ́bà dúdú méjì sórí títì náà, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀, wọ́n fi ṣéènì so àpótí kékeré kan mọ́ òpó iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Táíwò ní tí òun bá tẹ̀ ẹ́, ṣé wọ́n máa ka òun náà mọ́ ọkọ̀.

Mọ̀mọ́ Lollipop, Manchester:
Olúwa ṣeun! Ẹ sọ fún un pé kó má fò lórí ẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò, Leeds:
Ẹ káre láé. Rọ́bà yẹn ló ń ka eré ọkọ̀, ọjọ́ méje ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: tí èsì bá dé, wọ́n lè sọ fún yín pé ìpíndọ́gba eré wọn jẹ́ báyìí báyìí, kó sì dà bíi pé kò burú. Àwọn ọkọ̀ tí gosiló dá dúró wà nínú ìpíndọ́gba yẹn, ó ń fà á wálẹ̀. Ẹ béèrè eré tí ọkọ̀ 85 nínú 100 kò kọjá, òun làwọn ẹnjiníà fúnra wọn ń lò. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní ti wákàtí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pàápàá ti agogo mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án láàárọ̀ àti ti ọ̀sán nígbà tí súkùù bá tú. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bíi FOI, ìyẹn ìbéèrè lábẹ́ òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ìjọba, ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni òfin fún wọn láti fi dáhùn.

Ìyá Ìbejì, London:
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ sà, 85 nínú 100, wákàtí kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ òru ni mo wà lónìí, tí mo bá dé láàárọ̀ mo máa kọ ímeèlì náà, mo máa gbé e síbí kẹ́ ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́.