Àyálò ni, kì í ṣe ìtọ́kasí

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn èdè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé, tí a bá ń túmọ̀ òfin sí Yorùbá, "ìtọ́kasí" ni ká máa lò níbikíbi tí òfin kan bá ti dárúkọ òfin mìíràn, pàápàá nínú àwọn òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ọmọdé. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, n ò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003, tí Ọ̀ṣun náà ti ṣe irú rẹ̀. Abala 29 ní ohun tí Òfin Iṣẹ́ wí nípa àwọn ọ̀dọ́, láti abala 58 dé 63, yóò máa ṣiṣẹ́ fún ọmọdé. Ṣé ìtọ́kasí nìyẹn? Ẹni tó tọ́ka sí nǹkan, ìka lásán ló nà sí i. Eléyìí wọlé onílé, ó kó abala mẹ́fà, ó wá ń ná an bí owó àpò ara rẹ̀. "Àyálò" ni mo pè é. Àwa tí a ń kọ́ èdè ti ń lo ọ̀rọ̀ náà tipẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí èdè kan yá lọ́wọ́ èdè mìíràn; kí àwọn agbẹjọ́rò wá yá a lọ́wọ́ wa.

Ìdí tí mo fi ń jà ni pé ohun tí a yá máa ń bá ìtumọ̀ ilé rẹ̀ wá. Nínú Òfin Iṣẹ́, ẹni tí kò tíì pé ọdún 12 ni ọmọdé. Tí kò bá tíì pé 18, wọ́n ní ọ̀dọ́ ni. Nínú òfin 2003, ọmọdé ni títí yóò fi pé 18. Ọmọbìnrin ọdún 13 tó gbé omi inú ọ̀rá karí ní oríta Ọ̀láìyá, tó ń sáré tẹ̀lé dáńfó kí ṣéńjì má bàa bọ́, ọ̀dọ́ ni lójú òfin kan, ọmọdé ni lójú èkejì, èyí tí abala 30 rẹ̀ sì ka fífi ọmọ kiri ọjà lójú títì léèwọ̀. Ògbufọ̀ tó bá kọ "ọmọdé" síbi méjèèjì láìṣàlàyé ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. "Ọ̀dọ́" gan-an kò dùn mọ́ mi nínú (ní Òṣogbo níbí, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tó ń du ipò ṣì ń pera ẹ̀ lọ́dọ̀ọ́). "Màjèsín" ni màá fi sí ti Òfin Iṣẹ́.

Abala 274 tún yàtọ̀: òfin 2003 borí gbogbo òfin mìíràn lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, èyí tó bá sì ta kò ó di òfo níbi tó ti ta kò ó. Ẹnìkan ní ká pe ìyẹn ní "ìborí". Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ìyá Ọjà Ìgbọ̀nà á ní èló ni ẹ̀ ń tà á. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, "borí".

Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 kò tilẹ̀ yá nǹkan kan níbi abala 23, tó wà lórí àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹni tí kò pé 18 ni ọmọdé.

Ní ti "ìlòkulò" ọmọdé, ó bá ìwà ìkà tí a hù sí ara ọmọ mu. Ṣùgbọ́n abala 28 òfin 2003 kọ̀ kí a gba ọmọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé ẹbí rẹ̀, èrè ni wọ́n sì ń wá lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. "Ìfọmọjèrè" ńkọ́?

Ẹni tó bá ní ohun tó sàn ju màjèsín lọ, kó mú un wá, n ò ní bá a jà. Lórí àyálò nìkan ni n ò ti ní yẹsẹ̀.