Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ojú ewé méjì péré ni wọ́n fún mi láti kọ ìtàn màmá mi

Àbígbẹ̀yìn Nọ́ọ̀sì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Màmá wa jáde láyé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni ọdún 78. Ìsìnkú ń bọ̀ ní Iléṣà, èmi àbígbẹ̀yìn sì ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìn. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti jókòó tì í, orúkọ wọn nìkan ni mo tíì kọ.

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, agbẹ̀bí sì ni pẹ̀lú. Ọdún 35 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n to ilé ìwé wọn, ipò tí wọ́n dé, oyè ìjọ, orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ó parí. Ó ní bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Àmọ́ nǹkan méjì ń dà mí láàmú. Nígbà tí a wà ní kékeré, a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Iṣẹ́ òru ni. A ó jí, wọn ò tíì dé. A ó dé láti ilé ìwé, wọ́n ń sùn, bàbá á ní ká má pariwo. Lọ́dún 1988 mo gba ẹ̀bùn ìṣirò nílé ìwé. Ìyá gbogbo ọmọ ló wà níjokòó àfi tèmi. Wọ́n ti ń kó àga kúrò nílẹ̀ kí màmá tó dé, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn wọn. N ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn mí. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́kàn mi títí mo fi bí ọmọ tèmi.

Ìkejì ni àwọn tó ń wá kí wa. Ìyá kan tó ń ta tòmátì wá, ó ní màmá wa ló gbẹ̀bí ọmọ mẹ́rin fún òun, pé nígbà tí òun bí èyí tó kẹ́yìn, òun ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, wọn ò sì bi òun léèrè owó. A ò gbọ́ ọ rí. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìwé kan nínú àpótí wọn, ìwé tí ọmọ ilé ìwé ń lò, orúkọ ilé àti ọmọdé ló kún inú rẹ̀: «Ilé Ìyá Aláró, ọmọ méjì, ọ̀kan sùn. Padà lọ lọ́la.» Oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ ni wọ́n ń gbé kiri. Wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì nígbà náà!

Ṣé kí n kọ ìbínú mi sí i? Báwo ni mo ṣe máa kó gbogbo èyí sójú ewé méjì?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìjà sínú ìwé òkú. Àwọn àna yín máa wà níbẹ̀. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹ jẹ́ kí ìyá yín dère.

Ọmọ Atẹ̀wé:
Ère ò ní ohùn, Ìyá Ìbejì. Níbi òkú bàbá mi, wọ́n ka «onínúure, ọlọ́yàyà, olùbẹ̀rù Ọlọ́run» títí, ọ̀rẹ́ mi kan wá bi mí ní kọ́rọ́ bóyá ìwé òkú ẹlòmíì ni wọ́n gbé ka. Bí mo ṣe ń tẹ irú ìwé yìí lójoojúmọ́, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ń fi «Ìyá ni wúrà» bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi fi ìyẹn sílẹ̀.

Ti ojú ewé: bébà kan tí a bá ká sí méjì, ojú ewé mẹ́rin ló ń di. Nítorí náà mẹ́rin-mẹ́rin la máa ń fi kún un. Ẹ ní kí atẹ̀wé yín fi bébà kan sí i, owó rẹ̀ kò pọ̀.

Màmá Wọ́ọ̀dù:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èmi náà wọ aṣọ funfun yẹn fún ọdún 31. Ẹ̀yin rò pé tí aago bá ti lù, nọ́ọ̀sì á gbé báàgì rẹ̀. Rárá o. Tí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò bá tíì dé, o ò gbọdọ̀ fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀. Tó bá dé, ẹ ó jọ rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, wàá sọ bí aláìsàn kọ̀ọ̀kan ṣe sun òru. Ẹni tó ń rọbí lọ́wọ́ ńkọ́? Ọmọ ò mọ aago. Bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ẹ̀bùn yẹn.

1988 tí o dárúkọ, ìgbà Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni, mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà là ń kọ́ àwọn ìyá nígbà náà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru: omi igo bíà kan, 60cl, ṣúgà oníhóró márùn-ún, iyọ̀ ṣíbí ike 3ml kan, ká gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ṣíbí yẹn wà lápò mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ẹrù wọn kí o kọ ọ́.

Alákọsílẹ̀:
Èmi náà gbé àpótí oníyìnyín tí oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ ń wà nínú rẹ̀ kọ́ èjìká rí. Ẹ̀kán méjì sẹ́nu ọmọ, íńkì sí ìka ọwọ́ òsì, ẹfun sára ilẹ̀kùn. Ọmọ tó sùn tàbí tó lọ sóko ló ń jẹ́ ká padà lọ, ìdí nìyẹn tí màmá yín fi ń kọ orúkọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ tí kòkòrò àdáyébá ń fà ti kúrò ní Áfíríkà, Nàìjíríà wa yìí ló sì kẹ́yìn. Màmá yín wà láyé gbọ́ ọ. Ẹ ya àwòrán abala kan nínú ìwé yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ má gbàgbé oríkì o. Ẹ wá ìyá àgbà kan nílé bàbá wọn tó lè kì wọ́n. Òkú Ìjẹ̀ṣà kì í lọ láìgbọ́ oríkì rẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn Nọ́ọ̀sì:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ Màmá Wọ́ọ̀dù fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù. Ó dákẹ́, ó wá ní, «Ṣé wọn ò sọ fún ẹ ni?» Ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ màmá lọ́jọ́ yẹn kò dé títí di ọ̀sán, obìnrin kan sì ń rọbí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá sílé ìwé mi. Ọgbọ̀n ọdún ó lé, wọn ò fi gbèjà ara wọn rí.

Ohun tí mo kọ nìyí: «Òru ni màmá wa fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, àwa ọmọ wọn kò sì rí i. Lọ́dún 1988 wọ́n pẹ́ dé ibi tí àbígbẹ̀yìn wọn ti gbẹ̀bùn, torí ọmọ ẹlòmíì ń bọ̀ wáyé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àbígbẹ̀yìn bínú. Ó ti pẹ́ jù kó tó mọ̀.»

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbà á, ó ní kí n ṣáà má gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ kankan. Ó ku àwòrán. Ọ̀kan wà pẹ̀lú gèlè àti iyùn, níbi ọjọ́ ìbí 70. Èkejì pẹ̀lú fìlà nọ́ọ̀sì, ó ti ṣá díẹ̀. Èwo ni kí n fi síwájú? Ọ̀la ni atẹ̀wé fẹ́ gbà á.

Ọmọ Atẹ̀wé:
Onígèlè síwájú, kí ẹ̀gbọ́n yín lè simi. Onífìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ 1988 yẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kùn ún, ẹ jẹ́ kó ṣá bẹ́ẹ̀.