Sítóòfù onígi ń da èéfín sí wa nílé, ẹ gbà mí

ÌyáDúró: Ẹ̀yin ará, ẹ kú òtútù o. Láti ìgbà tí alẹ́ ti ń tutù nini ní Yorkshire níbí ni èmi àti sítóòfù onígi yìí ti ń jà. Bí mo bá ti ṣáná sí i, gbogbo èéfín á padà wọ pálọ̀. Kọ́tìnì tí mo fọ̀ ní Sátidé ti ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Dígí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin. Bàbá Dúró ní òun ṣáà ti sọ fún mi. Ìyá àgbà òyìnbó tó wà lódìkejì, alaalẹ́ ni tirẹ̀ ń jó geere. Owó igi nìkan, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Kí ni kí n ṣe?

ỌmọÌbàdàn: Ṣímínì, ihò tí èéfín ń gbà jáde, ló tutù, mà. Afẹ́fẹ́ tútù jókòó sínú páìpù bí ọmọrí ìkòkò, èéfín ò ríbi gbà. Ẹ ká ìwé ìròyìn kan, ẹ ṣáná sí i, kí ẹ gbé e sún mọ́ ihò páìpù títí ẹ ó fi gbọ́ tó ń fà hùù. Ìgbà náà ni kí ẹ wá to igi: ńlá méjì nísàlẹ̀, wẹ́wẹ́ bíi 8 lórí rẹ̀, firelighter (ìdáná tó ń tètè gbiná) kan lókè pátápátá. Òkè ni kí ẹ ti ṣáná. Ẹ ṣí gbogbo ojú afẹ́fẹ́, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì yánu díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5.

BàbáGbẹ́nàgbẹ́nà: Ìwé ìròyìn kọ́. Igi ńkọ́? Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 20% lọ. Ẹ la igi sí méjì, inú ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, torí èèpo máa ń purọ́. Igi tútù ló ń sọ dígí di dúdú. Ó tún ń lẹ̀ mọ́ inú ṣímínì bí ọ̀dà, òun ló sì ń gbiná níbẹ̀.

ÌyáDúró: Igi wa gbẹ o! Ẹni tó tà á ní oṣù kẹfà lòun gé e.

BàbáGbẹ́nàgbẹ́nà: Oṣù kẹfà ọdún yìí? Igi tútù lẹ rà. Bó bá jẹ́ igi oak, ọdún méjì ló fi ń gbẹ. Ẹ tò ó síta, orí nìkan ni kí ẹ bò, kí atẹ́gùn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Láti May 2021, igi àpò kéékèèké tí wọ́n ń tà ní England gbọ́dọ̀ ní àmì Ready to Burn, ìyẹn pé ó ti gbẹ tó láti dáná.

ỌmọÌbàdàn: Ẹ̀gbọ́n, igi tútù nìkan ò lè dá gbogbo èéfín padà. Ṣímínì ni kò fà.

BàbáGbẹ́nàgbẹ́nà: Ta ló ní kò kàn án? Mo ní ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí igi.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì: Ẹ jẹ́ n bi Ìyá Dúró. Ìgbà wo ni wọ́n gbá ṣímínì yẹn kẹ́yìn? Ẹyẹ jackdaw máa ń kọ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Sítóòfù tí agbára rẹ̀ bá ju kilowatt 5 lọ, ó gbọ́dọ̀ ní ihò afẹ́fẹ́ lára ògiri. Ó wà ńbẹ̀? Álààmù carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí iná ń tú jáde, ńkọ́?

ÌyáDúró: Ṣímínì ò dọ̀tí, ọdún kejì tí a kó débí rèé. Ihò ara ògiri wà, mo fi téèpù dí i, òtútù ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Álààmù wà. Ó ń dún píì-píì-píì-píì lálẹ́ àná, Dúró ò rí oorun sùn, ni mo bá yọ bátìrì rẹ̀. Orí ṣì ń fọ́ ọmọ náà títí di ìsinsìnyí, ariwo yẹn náà ni.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì: Ẹ fi ọ̀rọ̀ igi sílẹ̀! Bátìrì tó ń kú, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún láàárín bí ìṣẹ́jú kan. Mẹ́rin léraléra, carbon monoxide ni. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ gbé ọmọ jáde, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, láti ìta. Kẹ́nikẹ́ni má sùn sínú ilé yẹn.

BàbáGbẹ́nàgbẹ́nà: Wọn kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Ìyá Dúró! Bátìrì ńkọ́!

ÌyáDúró: A ti wà níta. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Bàbá Dúró ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé orí ń fọ́ òun náà látàárọ̀.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì: Ẹ sọ ìyẹn fún wọn. Ẹ má ṣáná sí sítóòfù yẹn mọ́ títí agbáṣímínì tó níwèé ẹ̀rí yóò fi wá gbá a, tí yóò sì dán fífà rẹ̀ wò. Téèpù yẹn, ẹ ya á dànù.