Ìrora abẹ́ ìdí àti itan tí kò lọ láti ọjọ́ tí mo ti sáré: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi sùúrù kà á. Ọmọ ọdún 44 ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nígbà ìdíje eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ní kí àwa olùkọ́ náà sá eré ọgọ́rùn-ún mítà kí inú àwọn ọmọ lè dùn, èmi tí n kò sáré gidi láti bí ọdún mẹ́wàá sì bọ́ sí orí ìlà láìna ara rárá. Bí mo ṣe fẹ́ yọ síwájú ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nǹkan kan já "pó" lábẹ́ ìdí mi òsì, bí ìgbà tí okùn ìfami bá já nínú kànga, ẹsẹ̀ náà kò sì gbé mi mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná jó o. Ní ọjọ́ kejì, a pe ìyá kan tí ó fi òrí fọwọ́ ra á títí tí mo fi ké. Kí ó tó di ọjọ́ kẹrin, ẹ̀yìn itan mi ti dúdú dé ẹ̀yìn orókún.

Dúdú náà lọ, ìrora kò lọ. Bí mo bá ń rìn lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kò sí ohun tí ó ń ṣe mí. Ìjókòó gan-an ni wàhálà. Bí mo bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì yàrá àwọn olùkọ́ fún ogún ìṣẹ́jú, yóò dà bí ẹni pé mo jókòó lé òkúta, ní ojú eegun tí a fi ń jókòó gan-an, yóò sì máa fà mí wá sí àárín itan. Orí ọ̀kadà láti Tákíè dé ilé mi burú ju bẹ́ǹṣì lọ. Nínú ìrun, rúkúù ni ó le jù fún mi. Bí mo bá sì dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, lílọ sílẹ̀ kò ni mí lára, ṣùgbọ́n kí n tó dìde, n ó ti fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ bí arúgbó.

Mo ti ya X-ray ní ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ní eegun kankan kò ṣẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, wọ́n sì ní kí n sinmi. Mo sinmi fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tí mo padà sí pápá ìṣeré Ṣọ̀ún láti máa sáré díẹ̀díẹ̀, ìyípo kẹta ni ó tún mú mi. Ẹnìkan wá sọ pé iṣan náà ni ó sún kì, pé kí n máa nà án. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé gìgísẹ̀ lé ògiri kúkúrú ẹ̀yìnkùlé wa ní àràárọ̀, tí mo ń tẹ̀ síwájú títí tí ọwọ́ mi fi ń kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ìrora náà á ti di ìlọ́po méjì. Ṣé bí n ó ṣe máa wà nìyí? Ṣé kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ eré ìdárayá pátápátá ni? Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olùkọ́. Ẹ kú ìfaradà. Aránṣọ ni mí, ìtòsí Akẹ̀sán ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìrora tèmi kò sí níbi tí tiyín wà, nítorí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ọ̀tún ni tèmi, níbi kókó eegun tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn lábẹ́ awọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí èmi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fò, tí a ń gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́, kí ara wa lè fúyẹ́ kí ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ wa tó pé. Oorun ni ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, ó ń dùn mí. Bí mo bá fi òsì sùn, itan ọ̀tún á ré wá sílẹ̀, ìbàdí náà á tún máa ro mí.

Èmi náà sinmi, àní mo sinmi fún oṣù márùn-ún. Ní ọjọ́ kan tí mo fẹ́ gé ṣòkòtò fún ara mi, mo fi téèpù yí itan méjèèjì po, mo sì rí i pé ọ̀tún fi íńṣì kan àti ààbọ̀ kéré sí òsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n, mo rò pé ọwọ́ mi ni ó ṣì í. Àṣé ìsinmi tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni ó ń jẹ ẹran itan mi tán, tí mo sì ń retí kí ẹsẹ̀ tí kò lágbára mọ́ máa gbé mi láìdùn mí. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ rí àwọn físíò, àwọn tí ń fi ìdárayá tọ́jú ẹran ara àti oríkèé.

Wọ́n ní kí n máa fi ìrọ̀rí sáàárín orókún méjèèjì sùn. Wọ́n ní kí n yé gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì bí mo bá jókòó, kí n má sì máa yọ ìbàdí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí mo bá dúró, bí àwa ìyá ṣe máa ń ṣe bí a bá gbé ọmọ lápá. Wọ́n wá fún mi ní iṣẹ́ tí mo ń fi ẹsẹ̀ ṣe, ó ń le sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Oṣù keje rèé tí mo ti ń ṣe é, téèpù ń sọ pé ìdajì íńṣì péré ni ó kù. Mo ń sùn báyìí, mo dúpẹ́.

Físíò kan, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìbéèrè gidi, Olùkọ́. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe ní ìlú wa níbí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò àyẹ̀wò, nítorí n kò tíì fọwọ́ kàn yín, ṣùgbọ́n àlàyé yín ti sọ púpọ̀ fún mi.

Ẹran ńlá mẹ́ta ni ó wà lẹ́yìn itan, okùn iṣan wọn sì so mọ́ eegun tí a fi ń jókòó. Bí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú láti ìbàdí tí orókún rẹ̀ sì nà gbọnran, okùn iṣan yìí á nà, eegun náà á sì tún máa rìn ín mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí rúkúù fi ń dùn yín, ìdí kan náà ni ó mú kí ìnara orí ògiri máa dá kún un. Ẹ ń tẹ ojú egbò lójoojúmọ́ ní orúkọ ìtọ́jú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ògiri náà sílẹ̀ lónìí.

Ìró "pó" yẹn pẹ̀lú dúdú tí ó dé orókún fi hàn pé iṣan ya lọ́jọ́ náà, X-ray kò sì lè fi iṣan hàn, eegun ni ó ń yà. Àyàwòrán onígbì-ohùn, èyí tí a fi ń wo aboyún, tàbí MRI, ẹ̀rọ ńlá tí ń fi agbára òòfà ya inú ara, ni ó lè fi hàn. Bí okùn iṣan bá já kúrò lára eegun pátápátá, ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ abẹ ti máa ń rọrùn jù, ṣùgbọ́n ó ṣì yẹ kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé lónìí. Ẹ dojú bolẹ̀, kí ìyàwó yín fi ọwọ́ di gìgísẹ̀ yín mú nígbà tí ẹ bá ń ká orókún, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Bí òsì kò bá lágbára rárá, ẹ má ṣe dúró, ẹ lọ rí dókítà eegun. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí omi gbígbóná àti ìfọwọ́ra, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ohun tútù ni a ń fi lé e. Ooru àti ọwọ́ líle a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ dà sí i nínú ẹran, nígbà mìíràn eegun a tilẹ̀ hù sínú ẹran itan.

Ní ti ìtọ́jú, òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ: ẹrù tí a ń bù kún díẹ̀díẹ̀ ni oògùn okùn iṣan. Ẹ dùbúlẹ̀ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ẹ ká orókún méjèèjì, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ẹ gbé ìdí sókè títí tí àyà, ìbàdí àti orókún yóò fi wà lórí ìlà kan. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 45, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ sinmi, ẹ ṣe é ní ìgbà márùn-ún. Nígbà tí ó bá rọrùn, ẹsẹ̀ kan ni yóò kù, lẹ́yìn náà ẹrù, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn, eré sísá ni yóò gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi 0 sí 10 wọn ìrora náà, tí kò kọjá 3 nígbà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, tí ó sì ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ wà lójú ọ̀nà. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni mo máa ń sọ fún ènìyàn, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn sínú okùn iṣan bí ó ṣe ń ṣàn sínú ẹran. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé bí ìrora bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, àwọn iṣan tí ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ a máa di afura, bí ajá ilé tí olè ti wọ̀ rí, tí í máa gbó bí ewé bá já. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ó bá dùn yín ni nǹkan ń bàjẹ́.

Ẹ má mu ibuprofen tàbí diclofenac fún oṣù lórí oṣù, nítorí inú, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tí ó tún ń bà mí lẹ́rù jù ni àpòpọ̀ oògùn tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá fún àwọn ènìyàn ní kẹ́míìsì, nítorí dexamethasone tàbí prednisolone lè wà níbẹ̀, bí a bá sì ń mu wọ́n pẹ́, wọ́n lè pa orí eegun itan. Bí ìrora bá ń jí yín lóru, bí ibà bá wà, bí ẹ bá ń rù, bí ẹ kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà dúró, tàbí bí àárín itan yín méjèèjì bá kú tipiri tí ẹ kò sì lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, dókítà ni kí ẹ lọ bá lọ́jọ́ náà gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Mo fẹ́ bi Olùkọ́ léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi wọ́n: kí ni jẹ́nótáìpù yín? SS ni èmi, èyí tí í ṣe fòníkú-fọ̀ladìde. Bọ́ọ̀lù ni mo gbá nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì gbà pé bọ́ọ̀lù ni ó fà á. Orókún ni ó ń dùn mí jù, orókún náà ni wọ́n sì ń fi ìpara kùn fún oṣù méje. Dókítà kan ni ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ mi, ó yí itan náà sínú, mo sì ké. Ó ní orókún kọ́, oríkèé ìbàdí ni, pé ìrora ibẹ̀ a máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí orókún. X-ray àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn. Ìgbà tí mo ṣe MRI ní Ìbàdàn ni wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò dé orí eegun itan mi dáadáa mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, bí ó bá ń tiro lẹ́yìn eré, ẹ má fi ọwọ́ ra á kí ẹ sì dákẹ́. Ọ̀pá ni mo ń lò báyìí. Fún ọdún kan ni mo fi ń mú un ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tí ó ń dùn mí, kí ẹnìkan tó sọ fún mi pé ọwọ́ kejì ni ó yẹ kí n fi mú un, kí ó lè gba ẹrù lára ìbàdí náà. Ìyàtọ̀ tí mo rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo pọ̀.

Olùkọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọmọ mi, akẹ́kọ̀ọ́, Ọlọ́run yóò fi àlàáfíà sí i fún ọ. AA ni mí. Ìyàwó mi di gìgísẹ̀ mi mú bí Físíò ṣe wí. Òsì kò lágbára tó ọ̀tún, ṣùgbọ́n ó ká. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí mo ti fi ògiri sílẹ̀, mo sì ti gba káàdì ní ẹ̀ka físíò ti Bowen, ilé ìwòsàn tí àwọn àgbà ìlú wa ṣì ń pè ní Baptist. Ìbéèrè kan ni ó kù. Wọ́n fún mi ní àga ní mọ́ṣáláṣí kí n má bàa máa tẹ̀, ṣùgbọ́n àga náà le, ó sì ń dùn mí ju rúkúù lọ.

Físíò kan, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ dá àga padà bí ẹ bá lè dúró. Nínú rúkúù, ẹ jẹ́ kí orókún rọ̀ díẹ̀, ẹ má nà án gbọnran, títí tí agbára yóò fi padà. Ní ti bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì kan tí ó nípọn, ẹ fi í sábẹ́ itan, kì í ṣe sábẹ́ ìdí, kí eegun ìjókòó má bàa kan pákó, kí ẹ sì máa dìde ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ mú àkọsílẹ̀ ìrora ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 10, dání lọ sí Bowen. Òun ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ yín.