Ẹ wo ẹsẹ̀ egúngún: àwọn bàálù àràmàǹdà inú sinimá

Ará Alákìà
Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tí ẹ fẹ́ràn bàálù, ẹ jẹ́ ká kó ohun tí a mọ̀ jọ síbí. Bí egúngún bá jáde, aṣọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò. Ẹni tó gbọ́njú mọ̀ ọ́n ń wo ẹsẹ̀ àti ìrìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàálù inú sinimá. Bàálù tó ṣọ̀wọ́n kì í sí lọ́jà, bó bá sì wà, ẹni tó ni ín kò ní fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ síbi tí iná àti ìbọn wà. Nítorí náà, wọ́n á mú bàálù mìíràn, wọ́n á sì gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Lẹ́tà ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Èyí tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, 5N ló fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe ń rí i lára àwọn tó ń balẹ̀ ní Alákìà. G ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, F ti Faransé, N ti Amẹ́ríkà. Bàálù kékeré tó gbéra lórí omi nínú Raiders of the Lost Ark (1981), Waco UBF-2 ni, àwọn tí apá wọn jẹ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. OB-CPO ni wọ́n kọ sí i lára. Inú orúkọ àwọn ẹ̀dá inú Star Wars ni wọ́n ti yọ ọ́, ṣùgbọ́n OB jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Peru ní tòótọ́, ó sì bá ìtàn náà mu nítorí Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀. Hawaii ni wọ́n ti yà á. Irú iṣẹ́ tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi nínú púpọ̀.

Mekáníìkì Ìwó Road
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn lẹ́tà, ibi tí èéfín ti ń jáde ni kí ojú lọ.

Àwọn Messerschmitt 109, bàálù ogun Jámánì, tí ẹ rí nínú Battle of Britain (1969), Hispano HA-1112 ni wọ́n, Sípéènì ló ṣe wọ́n. Sípéènì ní ara bàálù náà, kò rí ẹ́ńjìnì Jámánì gbà mọ́, ló bá lọ fi Rolls-Royce Merlin sí i, ẹ́ńjìnì Spitfire gan-an, bàálù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí 109 bá jà! Ẹ́ńjìnì méjèèjì ní sílíńdà 12, wọ́n sì tò ó bí lẹ́tà V. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti Jámánì dojú délẹ̀, orí sílíńdà wà nísàlẹ̀, èéfín sì ń jáde nísàlẹ̀ imú. Ti Merlin dúró ṣánṣán, nítorí náà òkè imú ni ihò èéfín wà. Kò sí ọ̀dà tó lè bo ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe á yọ ẹ́ńjìnì kúrò pátápátá, á pààrọ̀ ìjókòó ẹ́ńjìnì, rédíétọ̀, ìbòrí imú àti fáànù iwájú. Fáànù yẹn gan-an ń tú àṣírí: abẹ́ rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá pẹlẹbẹ tó ń yí, jẹ́ mẹ́rin, mẹ́ta ni ti 109. Àgbọ̀n rẹ̀ sì wú débi pé àwọn ará Sípéènì sọ ọ́ ní Buchón, orúkọ irú ẹyẹlé kan tí àyà rẹ̀ máa ń wú.

Buchón yìí kan náà ló tún jáde nínú Dunkirk (2017). Àwọn Heinkel 111, bàálù Jámánì tó ń ju bọ́ǹbù, inú fíìmù 1969 yẹn náà, CASA 2.111 ti Sípéènì ni wọ́n, Merlin ló wà lára wọn pẹ̀lú.

Àǹtí Bódìjà
Mekáníìkì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Dunkirk kún un. Spitfire ìjókòó kan ṣoṣo ló ní, kò sì sí bí òṣèré tí kò mọ bàálù wà ṣe lè dá wà nínú rẹ̀ lókè. Yak-52 ti Rọ́ṣíà ni wọ́n mú, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ méjì, wọ́n sì kùn ún bíi Spitfire. Òṣèré á wà ní ọ̀kan, páílọ́ọ̀tì gidi á wà ní èkejì. Imú Yak rí roboto, ti Spitfire gùn tó sì mú, ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà fi ń sún mọ́ ojú òṣèré gan-an ní irú ibẹ̀.

Ní ti hẹlikọ́pítà, ẹ ka abẹ́. Hẹlikọ́pítà Rọ́ṣíà tó ń dẹ́rù bani nínú Red Dawn (1984) àti Rambo III (1988), tí wọ́n ní Mi-24 ni, Puma ti Faransé ni, wọ́n kan apá kéékèèké àti imú àtọwọ́dá mọ́ ọn. Abẹ́ orí Mi-24 jẹ́ márùn-ún, ti Puma jẹ́ mẹ́rin. Ẹ má kà á nígbà tó bá wà lókè o. Fíìmù ń ya àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, abẹ́ á dà bí ẹni ń yí sẹ́yìn, ẹ ó sì ṣì í kà. Ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá ń tan ẹ́ńjìnì tàbí tí wọ́n bá ń pa á, kí ẹ tó dá fíìmù dúró. Blue Thunder (1983) kò tilẹ̀ nílò kíkà: Gazelle ni, fáànù ìdí rẹ̀ wà nínú ihò roboto lára ìrù.

Ọmọ Òkè-Àdó
Ti The Flight of the Phoenix (1965) ló ká mi lára jù. Nínú ìtàn náà, Fairchild C-82 já sí aṣálẹ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì fi àfọ́kù rẹ̀ kan òmíràn. Wọ́n kan èyí tó fò ní tòótọ́: apá láti ara Beechcraft C-45, ẹ́ńjìnì àti ẹsẹ̀ láti ara T-6. Tallmantz Phoenix P-1 ni wọ́n ń pè é.

Ní 8 oṣù keje 1965, nítòsí Yuma ní Amẹ́ríkà, Paul Mantz, páílọ́ọ̀tì sinimá, ló ń wà á. Kó lè dà bí ìgbà tó ń gbéra, á sọ̀ kalẹ̀ fi táyà kan ilẹ̀, á sì tún gòkè. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kọlu òkìtì kékeré kan. Ó fún ẹ́ńjìnì ní gbogbo agbára kó lè gòkè, ṣùgbọ́n ìnira náà pọ̀ jù fún ara bàálù náà, ó kán sí méjì, ó sì forí sọlẹ̀. Mantz kú, Bobby Rose tó wà pẹ̀lú rẹ̀ fara pa. Bàálù mìíràn, North American O-47, ni wọ́n fi parí èyí tó kù. Ẹ wo ìkùn bàálù náà nígbà tó bá ń fò lọ sí ìparí: ti O-47 jin, ti Phoenix rí tẹ́ẹ́rẹ́.

Bàbá Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má gbàgbé bàálù kékeré tí wọ́n ń pè ní Little Nellie inú fíìmù James Bond, You Only Live Twice (1967). Wallis WA-116 ni, Ken Wallis tó ṣe é ló wà á fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní hẹlikọ́pítà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, autogyro ni. Ẹ́ńjìnì rẹ̀, agbára ẹṣin 72, kò yí abẹ́ orí rárá bó ti ń fò, fáànù ẹ̀yìn nìkan ló ń yí láti tì í síwájú. Atẹ́gùn tó ń gba ìsàlẹ̀ wọlé ló ń yí abẹ́ orí. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè dúró sójú kan lókè. Ewu rẹ̀ tó le jù ni kí páílọ́ọ̀tì ti ọ̀pá ìdarí síwájú lójijì: ìwúwo á kúrò lórí abẹ́, abẹ́ á dẹwọ́, bó bá sì ti dẹwọ́ kọjá ààlà, kò sí ohun tó lè dá a padà. Japan kò gbà kí wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì lókè igbó tí ìjọba ń dáàbò bò, torí náà Sípéènì ni wọ́n ti lọ ya ibi tó ti ń yìnbọn.

Ará Alákìà
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Bàálù ńlá inú Casino Royale (2006) ńkọ́, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ so ní méjìméjì?

Mekáníìkì Ìwó Road
Boeing 747 tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹ̀gbọ́n, G-BDXJ, ní pápá Dunsfold nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnì tó wà lápá òde, wọ́n gbé táńkì epo síbẹ̀, wọ́n sì so ẹ́ńjìnì àtọwọ́dá méjì mọ́ ìkọ́ inú kọ̀ọ̀kan lábẹ́ apá. Ẹ wo hóńkó tó wà lókè orí rẹ̀ níwájú, àmì tí a fi ń mọ 747 nìyẹn.